Àbẹ̀ní Tí Ìdí Rẹ̀ Ń Jò

Ẹ jẹ́ ká ti là á mọ́lẹ̀: Àbẹ̀ní kì í ṣe ènìyàn. Ìkòkò irin ńlá ni, tí wọ́n fi ń se abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ kí kòkòrò àìsàn ara wọn lè kú, ní ọsibítù ìjọba kan nítòsí Ìtàjí, ní ọdún kejì òmìnira. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi kọ lẹ́tà bẹ Ìbàdàn kí wọ́n tó rí i gbà. Ìyẹn làwọn nọ́ọ̀sì fi sọ ọ́ ní Àbẹ̀ní.

Morákinyọ̀ ni akọ̀wé ọsibítù náà. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, kò sì wá wàhálà ẹnikẹ́ni. Àfi bí ìdí Àbẹ̀ní ṣe ṣàdédé lu láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí omi pa iná. Aboyún mẹ́ta sì wà nílẹ̀ tí oṣù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Morákinyọ̀ tú ìwé ìnáwó látòkè délẹ̀. Owó kẹrosíìnì wà, owó oúnjẹ aláìsàn wà, owó àtúnṣe, òfo! Bó bá sì kọ̀wé sí Ìbàdàn, kí èsì tó dé, ọmọ àwọn aboyún wọ̀nyẹn á ti máa lọ sílé ìwé.

Ló bá ránṣẹ́ pe Dàda alágbẹ̀dẹ.

"Uṣẹ́ ìjọba kẹ̀?" ni Dàda wí. "Mo tún fèrèsé yín ṣe níjọ́sí, mi ò tíì rí kọ́bọ̀. Ẹ máa fi iyán bọ́ mi títí n ó fi parí."

Háà! Oúnjẹ! Ojú Morákinyọ̀ là. Ó ṣí ìwé oúnjẹ aláìsàn, ó kọ orúkọ Àbẹ̀ní sí i bí aláìsàn, kí iyán Dàda lè ti ibẹ̀ jáde. Ihò tí kò tó owó ẹyọ tọ́rọ́, ọjọ́ mẹ́fà ni Dàda fi dí i. Iyán ló dá a dúró.

Lóṣù kejì, ayẹ̀wé-owó-wò dé láti Adó, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹmí, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín kódà níbi ìkómọ.

"Ta ni Àbẹ̀ní tó jẹ iṣu méjìdínlógún lọ́jọ́ mẹ́fà?"

Òógùn bo Morákinyọ̀. Ó rí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó ń lọ kòròkòrò. Ó pinnu pé òun ò ní purọ́.

"Ọ̀kan nínú wa ni, sà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ìdí rẹ̀ ló ń jò, sà."

"Dókítà ló tọ́jú ẹ̀?"

"Rárá, sà, alágbẹ̀dẹ ni. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó yọ́ òjé sí i nídìí."

"Yéè! Ó ṣì wà láàyè?"

"Ó wà lórí iná báyìí, sà."

Eré ni Akínyẹmí sá dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì Ọláwùmí ṣí ìdérí, ooru gba ọ̀gá lójú. "Àbẹ̀ní nìyí, sà." Akínyẹmí wo ìkòkò, ó wo Morákinyọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín títí tó fi gbá ògiri mú. Ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ tún le koko.

"Ìwé ní aláìsàn ni, aláìsàn náà ni. Ṣùgbọ́n iṣu kan lóòjọ́ ni ti aláìsàn, mẹ́fà ni tìjọba. Ẹni tó ni ín ni yóò san owó méjìlá tó kù. Ta ló ni ín?"

Gbogbo nọ́ọ̀sì nawọ́ sí Morákinyọ̀. Ó san án lójú ẹsẹ̀, ó fi rìsíìtì sápò, inú rẹ̀ sì dùn ṣìnkìn. Owó ìfẹ̀yìntì kò lọ mọ́.

Ìyá Délé, ìyàwó rẹ̀, ló fẹ́ fọ ṣòkòtò náà lọ́jọ́ kejì. Ó fa rìsíìtì yọ lápò, ó sì mọ̀wé kà. "Bàbá Délé, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin lẹ ni Àbẹ̀ní. Ta ni Àbẹ̀ní tí ẹ ń ra iṣu fún ní ọsibítù?"

"Kì í ṣe ènìyàn, Ìyá Délé."

"Kì í ṣe ènìyàn, ó ń jẹ iyán?"

"Dàda ló jẹ ẹ́."

"Kí wá ni Dàda ń ṣe lọ́dọ̀ ẹ̀?"

"Ìdí ẹ̀ ló ń..."

Ìyá Délé ti gbé ọmọ odó. "Ẹ bọ́ síwájú, ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Wọn ò tíì rìn dé ìta tí Dàda fi yọ lókèèrè. "Bàbá Délé!" ló ń ké, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Àbẹ̀ní yín ńkọ́? Bí ìdí ẹ̀ bá tún jò, ẹ ránṣẹ́ sí mi o, ebi iyán ti ń pa mí!"