Síló Ọkọ̀ Dádì

Òórùn bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀, tó pò mọ́ òórùn ẹrẹ̀ nígbà tí omi odò bá fà sẹ́yìn, ni mo fi máa ń rántí Creekmouth, nílùú òyìnbó níbí. Bọ́ọ̀sì á gbé mi láti Barking, màá wá fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí dé ọgbà tí Dádì ti ń di ẹrù àwọn èèyàn ránṣẹ́ sílé. Dádì kì í ṣe bàbá mi o. Àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan ni, nínú ìjọ aláṣọ funfun tí mò ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa sì ṣe ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Èmi nìkan ni mo wà níbí nígbà náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo bá wá, ìyàwó àti àwọn ọmọ mi ṣì wà l'Abẹ́òkúta. Mo lè wẹ̀ fún èèyàn, kí n fún un lóúnjẹ, kí n máa sọ "are you alright, darling?" látàárọ̀ dalẹ́, kí n sì padà sí yàrá mi ní Castle Green láìsí ẹnì kan tó bi mí bí mo ṣe jí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín, ìgbà kan wà tí mo máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí n ṣáà lè gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí Dádì gbọ́ pé mo ti ṣe mẹkáníìkì rí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ọmọ mi, pick-up kan wà ní yard mi. Ó ń start dáadáa o, but tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò báyìí, ó ti kú. Mo fẹ́ ship ẹ̀ lọ sílé, fún oko mi. Mi ò lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

Bí mo ṣe di èrò Creekmouth ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Tí mo bá tẹná, á bú ramúramù, ṣùgbọ́n kò ní síló rárá. Síló ni àwa mẹkáníìkì ilé ń pè é tí ẹ́ńjìnnì bá ń dá ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí iná. Mo yí síkúrù síló rẹ̀ sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ó kú. Mo tú kábúrétọ̀ palẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fi ẹnu fẹ́ àwọn ihò tóóró tí epo ń gbà títí ètè mi fi ń ta mí. Ó tún kú.

Mo wá gba ṣọ́ọ̀bù kan létí títì A13 lọ láti ra jẹ́ẹ̀tì tuntun, ihò tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀. Mo ṣàlàyé fún òyìnbó tó wà níbẹ̀ pé, "My car is not slowing." Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó sáré wọlé, ó gbé bíréèkì jáde fún mi, ó ní kí n má wa ọkọ̀ náà dé ibì kankan o! Nígbà tí mo sọ fún Dádì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di táyà mú.

"Slow kẹ̀! Idle ni wọ́n ń pè é níbí, jàre. Wọ́n á ní o fẹ́ lọ pa èèyàn!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ẹ̀rín ara mi bí ẹni gbọ́ ohùn àjèjì. Dádì bu ìrẹsì láti inú fúláàsì, a jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, a jẹun. Ọjọ́ yẹn lẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé ọkọ̀ náà lè gbádùn. Tó bá gbádùn, kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Ó gbádùn náà. Mo ń tẹ iná díẹ̀díẹ̀ fún un, mo wá fín oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sí ìdí rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà lójijì. Atẹ́gùn ló ń gbabẹ̀ wọlé. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ìdí rẹ̀ ti gbó. Mo gé tuntun, mo dè é padà, mo tẹná, mo sì gbọ́wọ́ kúrò. Kò kú. A dúró, à ń wò ó.

"Síló ẹ̀ ti dúró," Dádì wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ti dúró, sà."

Ó ṣàdúrà fún mi dáadáa. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹténà fi gbé ọkọ̀ lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọṣọ tán kí n tó rántí pé mi ò níbi tí mò ń lọ. Dádì ò pè mí. Kí ló fẹ́ torí ẹ̀ pè? Tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?", èrò á sì gba àárín wa kọjá. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́.

Nígbà tó yá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án Sátidé kan láìmú sípánà kankan dání. Dádì ṣí géètì, ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo.

"Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Ṣé visa ni?"

"Rárá o, sà. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."

"Wá kí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó di géètì mú. Ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú. "Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú," ó ní, "ẹni tó bá wá síbí, ẹrù ló gbé wá. Wọlé, wọlé jàre."

L'Abẹ́òkúta, àwọn tó kàn ní kí àwọn wá kí wa máa ń sú mi, pàápàá tí wọ́n bá bá wa nídìí oúnjẹ. Mi ò mọ̀ pé mo máa dé ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn á ti ṣòro sọ lẹ́nu mi. Mo ṣì ń dá wà lọ́pọ̀ ọjọ́ ní ìlú yìí, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ rí èèyàn, mi ò dúró de ohun tó bàjẹ́ mọ́.