Ojú Tí Ìyá Mi Fi Ń Bá Mi Sọ̀rọ̀

Ìyá mi kì í pariwo mọ́ ọmọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Mushin láyé ìgbà náà, wọ́n á ní onídìrí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni, bó ṣe ń dirun ló ń rojọ́, tó ń fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ rẹ̀, ojú ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá la ojú sí mi, kí n fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ ni. Tó bá wo ilẹ̀, kí n tètè kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà tó ń bọ̀. Tó bá rọra pa ìpéǹpéjú dé, tó sì rọra ṣí i, ó ti yọ̀ǹda nìyẹn, kí n gbà á, kí n sì dúpẹ́. Àwọn ìyá ìwòyí a máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sí ọmọ létí bí ẹni ń ta ọjà ní gbàǹjo, ọmọ á sì tún máa wò wọ́n. Tí mo bá rí wọn, ṣe ni mo máa ń pòṣé.

Èmi nìkan ló bí. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, nítorí náà èmi àti ìyá mi la wà nínú yàrá kan, àwa méjì la sì ni ara wa.

Nínú gbogbo òfin rẹ̀, èyí tó le jù ni ti oúnjẹ nílé onílé. Ọmọ tó bá ń jẹun kiri, ṣe ló ń sọ fún aráyé pé ìyá òun kò lè bọ́ òun. Kódà kí ebi máa hàn mí léèmọ̀, ohun tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó," àfi tí ojú ìyá mi bá yọ̀ǹda. Mo ti yó níwájú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin rí. Mo ti yó níwájú ẹran Iléyá tó ń rú èéfín, tí itọ́ kún ẹnu mi, tí mo gbé e mì. Àwọn ará ilé á ní, "Háà, ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́ o!" Inú ìyá mi á sì máa dùn títí a ó fi délé.

Àǹtí kan wà tó máa ń ti Yaba wá dirun lọ́dọ̀ rẹ̀. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Sábó. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, kì í sábà wálé, wọn kò sì bímọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, orí rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ ìyá mi, ó pè mí, ó ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ nígbà náà nìyẹn, torí ta ló ń kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀? Ọwọ́ mi kan etí.

"Ó ti tó," Àǹtí wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n mú un lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni."

Ìyá mi ń dirun lọ. Ó ní, "Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń wò ó." Ó sì dirun náà tán.

Ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ sí Yaba, wọ́n ní kí n lọ wo adìyẹ Àǹtí lẹ́yìnkùlé. Mo lọ wò ó. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá mi ti lọ. Ọgbọ́n àwọn àgbà nìyẹn, kí ọmọ má baà di aṣọ mọ́ ìyá rẹ̀ lára. Wọ́n tún ti kìlọ̀ fún un pé kó má tètè wá wò mí, pé ọmọ tó bá ń rí ìyá rẹ̀ lemọ́lemọ́ kò ní fara mọ́lé. Ẹni tó gbé irú ọgbọ́n yẹn kalẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ran òun náà lọ wo adìyẹ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí gbé ìrẹsì sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó." Ó rò pé ojú ló ń tì mí. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé búrẹ́dì àti tíì kalẹ̀. Mo ti yó. Ọ̀sán dé, mo ti yó. Kì í ṣe oríkunkun. Ilé onílé ni mo wà, ìyá mi kò sì sí níbẹ̀ tó máa yọ̀ǹda. Mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà kí n tó dáhùn, mo sì máa ń rí i pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n kú ni pé ìta kì í ṣe ilé onílé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fún mi ní ẹ̀pà àti gúáfà lábẹ́ igi, màá jẹ ẹ́ tọwọ́tẹnu. Tí mo bá délé, mo tún ti yó nìyẹn.

Kò sí ohun tí Àǹtí kò ṣe. Ó bẹ̀ mí. Ó ṣí sáàdínì odidi agolo kan. Ó fún mi lóògùn aràn, ó le débi pé mo rò pé ìfun mi fẹ́ jáde. Ó gbé pàṣán sí ẹ̀gbẹ́ àwo, kò nà mí, ó kàn jẹ́ kí n rí i. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó jáde kúrò nínú yàrá, bóyá màá jí i jẹ. N kò fọwọ́ kàn án. Níkẹyìn inú bí i, ó ní, "Ṣé májèlé ni mo fi sí i ni?" Ó wọ ilé ìdáná lọ, mo sì gbọ́ tó ń sunkún.

Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tó bá lè dá mi padà, màá rí ìyá mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá dá padà, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Mo wá dá wà débi pé mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, màá máa wo ojú gbogbo obìnrin tó bá ń kọjá, bóyá ọ̀kan nínú wọn á mọ bí wọ́n ṣe ń wò mí. Wọ́n á kọjá lọ. Aṣọ ilé-ìwé mi ti ń bọ́ kúrò léjìká.

Nígbà tó di Sátidé, Àǹtí gba Mushin lọ. Ìgbà tí mo dàgbà ló tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Ó ní òun sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ò jẹun o," ni ìyá mi bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ tèmi yìí? Tó lè jẹ ìkòkò mọ́ ọbẹ̀!"

"Gbogbo ìgbà ló ń ní òun ti yó."

Ẹ̀rín dá lẹ́nu ìyá mi. Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mo kọ́ ọ. Ojú mi ló ń wá."

Ó gbé òòyà sílẹ̀, ó fa àpótí, ó jókòó kọjú sí Àǹtí. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má nà án. Ẹ kàn wò ó báyìí." Àǹtí gbìyànjú rẹ̀. "Rárá o, ẹ̀yin ń ṣẹ́jú ni. Ẹ rọra. Bí ẹni tí oorun ń kùn." Wọ́n ṣe é títí Àǹtí fi mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kò dúró níbẹ̀. Ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀, ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń la ojú, gbogbo rẹ̀ pátá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó wá ní, "Ó tán. Kò sí òmíràn lọ́wọ́ mi." Àǹtí ní nígbà tó dirun fún òun lọ́jọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí gbé ẹ̀wà àti ìrẹsì ka iwájú mi. Mo gbójú sókè láti sọ pé mo ti yó. Ó rọra pa ìpéǹpéjú dé, ó rọra ṣí i. Mo mú síbí. Ẹkún ń jáde, oúnjẹ ń wọlé, mo jẹ àwo méjì, Àǹtí sì ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ̀. Mo sanra, mo mọ̀wé. Ojú Àǹtí tún wá mọ́ mi lára débi pé n kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́.

Ìgbà tí wọ́n tó gba ìyá mi láàyè pé ó lè wá, ọdún ti fẹ́ yípo. Ọjọ́ Àìkú ni. Ó wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kó dọ̀tí. Inú mi dùn, mo rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Àǹtí gbé oúnjẹ wá, àwo ìyá mi, àwo tirẹ̀, àwo tèmi, pẹ̀lú ẹran adìyẹ. Mo nawọ́ sí síbí. Ìyá mi la ojú sí mi, pé kí n dúró, àgbà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àǹtí náà ń wò mí, ó pa ìpéǹpéjú dé, pé kí n máa jẹun.

Mo rí ojú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí pé kí n sọ pé mo ro ohunkóhun. Ọmọdé ni mí, ebi ń pa mí, mo ṣe ohun tí ojú Àǹtí wí. Mo ti gbé síbí kan mì kí n tó wo ìyá mi. Ó ti yí ojú sí àwo tirẹ̀.

Ìyá mi jẹ díẹ̀, ó yin ọbẹ̀ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí bí ẹni ń dúpẹ́ ọjọ́ ìkómọ. A sìn ín dé Jíbówú, níbi tó ti máa wọ bọ́lẹ̀kájà. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń wò ó lójú, pé kó la ojú sí mi, kó bá mi wí, tàbí kó ṣẹ́jú sí mi pé kí n jẹ́ ká jọ lọ. Ǹ bá tẹ̀lé e lọ́jọ́ náà. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Jọ̀ọ́, máa gbọ́ràn sí Àǹtí lẹ́nu."

Mo lo ọlidé púpọ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi lẹ́yìn ìyẹn, mo sì tọ́jú rẹ̀ títí tó fi darúgbó. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa títí ọjọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tó bá fẹ́ omi mu, á ní, "Jọ̀ọ́, bá mi bu omi wá," bí ẹni ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́.