Ẹnu Mi Lọ̀rọ̀ Gbọ́dọ̀ Ti Jáde

Akólòlò ni mí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, òwe kan náà ló máa ń bọ́ sí gbogbo wọn lẹ́nu, pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pa á fún mi. Òwe yẹn ti sú mi. "Baba" kò ṣòro fún mi rí. "Mo" ni wàhálà mi. Kí n tó sọ pé mo fẹ́, mo rí, tàbí mo dé, ètè mi á ti lẹ̀ pọ̀, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ á sì ti bá mi parí rẹ̀.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Ó fẹ́ràn mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ láti kékeré mi ló ti ń fi ẹnu tirẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tèmi. Nígbà kan tó mú mi lọ ra bàtà ní Onípanù, oníbàtà bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́. Mo ṣì ń bá "dúdú" jìjàkadì nígbà tí Bàbá Kékeré dáhùn pé, "Búráùn ló fẹ́." Bàtà búráùn yẹn ni mo wọ̀ títí ẹsẹ̀ mi kò fi gba inú rẹ̀ mọ́.

Bàbá wa ti kú kí àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Mùsùlùmí ni wá, àti pé bí àlùfáà bá fẹ́ so yìgì, ẹnì kan láti ilé ìyàwó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé òun fi ọmọbìnrin náà fún ọkọ. Bí bàbá kò bá sí, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ló kàn. Èmi nìkan sì ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó ní.

Bàbá Kékeré pe ẹbí jọ sí pálọ̀ wa ní Bàrígà. Ó ní kí n fa iṣẹ́ náà lé òun lọ́wọ́, pé ẹ̀sìn fàyè gba ìyẹn.

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ wọ́ ẹ nílẹ̀ o," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn àna wa á kún ibẹ̀, fídíò á máa ká wa. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní aláàbọ̀ ara la fi síwájú ni?"

Aláàbọ̀ ara! Inú bí mi gidi. Mo dìde, mo gba ibi iṣẹ́ mi lọ ní Ṣómólú.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ wa. Èmi ni mò ń gé bébà. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa fi ń fọwọ́ júwe, kò sẹ́ni tó mọ akólòlò yàtọ̀. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tó wá gba ìwé tó ní ká tẹ̀ fún òun. Olùkọ́ ni ní Àkókà, akólòlò ni òun náà. A bọ́ síta kúrò nínú ariwo, mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó jẹ́ kí n rò ó tán.

"Mi ò rọ, mi ò fọ́jú," mo ní. "Kí ló dé tó fi máa pè mí ní aláàbọ̀ ara?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi máa ń pe ara mi bẹ́ẹ̀ o. Tí mo bá dé mítíǹgì, mo máa ń sọ fún wọn pé àbọ̀ ara ni, kí wọ́n fún mi ní táìmù. Wọ́n sì ń fún mi. Ìwọ tó o ní kò sóhun tó ṣe ẹ́, ta ló ń dúró dè ẹ́?"

Inú bí mi sí òun náà. Ìbínú yẹn ni mo fi gé bébà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí mo padà délé, àbúrò mi ti jókòó dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́," ó ní. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán, ká jẹun nírọ̀lẹ́." Omi bọ́ lójú mi. Mo ní mo gbà.

Lọ́jọ́ yìgì, mọ́ṣáláṣí kún. Lèmọ́mù ní kí n di ọwọ́ ọkọ ìyàwó mú, kí n sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu. "M..." Ètè mi lẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ketekete: "Mo fi àbúrò mi fún ọ ní aya!"

Àwọn kan tilẹ̀ ti ṣe àmín. Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Àáfà," Bàbá Kékeré dáhùn. "Mo kàn bá a parí ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń fọmọ fọ́kọ, Bàbá. Ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ, ẹnu tiẹ̀ lọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Tẹ́nikẹ́ni bá tún bá a dá sí i, a máa padà síbẹ̀rẹ̀ ni." Ó yíjú sí mi. "Fara balẹ̀. A ò kánjú."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ nítorí mi rí. Mo wẹ̀yìn, mo rí Bàbá Kékeré tó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo tún bẹ̀rẹ̀. "Mo" pẹ́ kó tó jáde, mo sì jẹ́ kó pẹ́. "Fi" náà pẹ́. Àna mi ọkùnrin kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Mo fi àbúrò mi fún un ní aya, láti orí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ títí dé ìparí, ẹnu tèmi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Ó ní òun gbà. Mọ́ṣáláṣí hó yèè, ohùn àbúrò mi ló sì ròkè jù láti ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin.

Ayọ̀ ọjọ́ náà kò tíì tán lára mi. Mo kólòlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ kò sóhun tó dín nínú ọ̀rọ̀ mi. Bí wọ́n bá bi mí báyìí bóyá àbọ̀ ara ni, mo máa ń sọ pé ó kù sọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ mi. Níbi tí wọ́n bá ti ń kánjú, àbọ̀ ara ni, ẹ fún mi ní táìmù. Olùkọ́ Àkókà ló jàre ẹjọ́ yẹn.

Nígbà tí a jókòó láti jẹun lọ́jọ́ yìgì náà, ẹni tó ń pín oúnjẹ bi mí bóyá ẹran ni mo fẹ́ tàbí ẹja. Bí ìṣe gbogbo ilé, Bàbá Kékeré ni ojú gbogbo wọn yí sí. Ó ti la ẹnu. Ó tún pa á dé, ó ń wo àjà. Èmi bẹ̀rẹ̀ "mo" mi ní pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá n kò fi díẹ̀ kún un. Mo fẹ́ ẹja.

Bàbá Kékeré mí kanlẹ̀. "Ẹ fún èmi náà lẹ́ja," ó ní.