Sájẹ́ǹtì Mọ́ṣúdù àti Ọkùnrin Mọ́kànlélógójì

Ohun tí gbogbo Agbowó kọ́kọ́ máa ń rántí nípa olóògbé Sájẹ́ǹtì Mọ́ṣúdù Gbádérọ̀ ni ọjọ́ tó kọ aago sí iwájú orí máníjà báǹkì. Lọ́dún 1994 ni, ní Challenge. Ọ̀kadà gbá ọkùnrin náà, irin ya á nítan, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà ṣùà. Kí èrò tó pé jọ, Sájẹ́ǹtì ti tú táì ọrùn máníjà, ó ti fi so itan rẹ̀ le dandan, ó sì fa kálámù tí àwọn sójà fi ń sàmì sí àpótí yọ. Ó ní kí ọ̀gá má mira. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí i níwájú orí: 2:10. Ẹsẹ̀ náà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kálámù ọ̀hún kì í tètè parẹ́. Nígbà tí máníjà padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn oníbàárà rò pé aago tí báǹkì ń ti ilẹ̀kùn ló kọ sórí.

Nọ́ọ̀sì ológun ni Sájẹ́ǹtì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún 1993 ló ti ogun Làìbéríà dé pẹ̀lú etí kan tí kò gbọ́ràn mọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Nínú àgọ́ tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọta wá ló ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti rí i pé aṣọ tí a bá so mọ́ ẹsẹ̀ lókè ojú ọgbẹ́ a máa dá ẹ̀mí sí, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà á kú. Dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n so ó. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ń kọ aago sórí ẹni tó gbọgbẹ́. Òun ló jókòó ṣírò ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọkùnrin mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé rẹ̀, torúkọ tìlú. Nínú àwọn mẹ́tàlélógún tí wọ́n kọ aago sí lórí, àwọn méjì péré ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Nínú àwọn méjìdínlógún yòókù, mẹ́sàn-án.

Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ sójú ogun. Nígbà tí ọ̀bẹ gé ìyàwó rẹ̀ Sàídátù níka nídìí iṣu, ó gbé aṣọ àti kálámù dé. Sàídátù ní ìka ni, kì í ṣe itan. Sájẹ́ǹtì ní irú ọgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé láti kọ.

"Ẹ kọ ọ́, Bàbá Fáìzàh," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣùgbọ́n orí tiyín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí."

Lọ́dún 1996, Dókítà Láwùmí Adéyẹmọ wá sí Agbowó. Kápútẹ́nì ni obìnrin náà nínú ẹ̀ka ìṣègùn ológun, ìwádìí lórí ọgbẹ́ ogun ló sì ń ṣe. Ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgbórí sókè. Ó ní irú rẹ̀ lòun ti ń wá láti ọdún mẹ́ta, pé òun máa tẹ̀ ẹ́ fáwọn dókítà, orúkọ Sájẹ́ǹtì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun. Sájẹ́ǹtì dúró ṣánṣán, ó kí i bí ológun. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní àwọn máa yọ orúkọ àwọn ọkùnrin náà, nọ́ńbà ni wọ́n máa fi rọ́pò. Sájẹ́ǹtì jókòó.

"Ní bárékè, ẹ̀yin lọ̀gá mi," ló wí. "Ní Agbowó níbí, ọmọ mi lẹ jẹ́. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó fara gbọta ń sá pamọ́?"

"Òfin ìwádìí ni, Bàbá. Tórúkọ bá wà níbẹ̀, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Ìgbà márùn-ún ni dókítà padà wá. Sájẹ́ǹtì ń ná an bí ẹni ń ra ilẹ̀: kí wọ́n kọ ogún orúkọ, dókítà kò gbà. Mẹ́wàá ńkọ́? Kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn nìkan ńkọ́? Níkẹyìn, ó ní kí wọ́n kọ oríkì wọn, nítorí pé kò sí òfin kankan tó dárúkọ oríkì.

Lọ́jọ́ karùn-ún, dókítà kò bá a ná an mọ́.

"Kọ́pùrà kan wà lọ́dọ̀ wa, Bàbá. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n so ó. Lọ́la la máa gé e."

Sájẹ́ǹtì ti ìwé náà sí dókítà. Ó ní òun fúnra òun lòun máa fún wọn ní nọ́ńbà, òun á sì kọ lẹ́tà sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rí ìwé náà. Odidi oṣù kan ló fi kọ ọ́. Sàídátù ló ń kọ orúkọ, ìlú àti nọ́ńbà sára àpò ìwé, tó sì ń lẹ̀ ẹ́ pa.

Ìwádìí náà jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lọ kí Sájẹ́ǹtì tí kò ka ojú ìwé àkọ́kọ́ sókè, ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí etí rẹ̀ kan tí kò gbọ́ràn.

Ó kú lọ́dún 1999. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin méjìlá tí àdúgbò kò mọ̀ rí wọlé, ọ̀kan nínú wọn ń fi igi rìn. Ààfáà bèèrè orúkọ wọn kó lè fi ṣàdúà fún wọn.

"Nọ́ńbà keje," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

"Nọ́ńbà kẹtàdínlógún," ni èkejì wí.

Dókítà Láwùmí fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ààfáà wò yíká, kò mọ èyí tí yóò ṣe.

"Sùrájù lẹni àkọ́kọ́ yẹn, ará Moniya," ni Sàídátù wí láti orí ẹní rẹ̀. "Èkejì, Jóṣúà ni, ọmọ Ẹlẹ́yẹlé."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dárúkọ wọn lọ, torúkọ tìlú, láìwo ìwé kankan, títí tó fi kan ẹni tó ń fi igi rìn. Ààfáà sì ń fi orúkọ wọn ṣàdúà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.