Àbúrò Mi àti Ohùn tó Ń Tẹ Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀

Aránṣọ ni àbúrò mi, èmi ni mo sì máa ń bá a gé aṣọ. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Sípáníìṣì ni etí mi ò ti sinmi mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Kì í ṣe àṣehàn ló ń ṣe o. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ló kú sí ìlú òkèèrè, ó sì fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ yìí wà láyé, òun ló máa ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, nítorí Sípáníìṣì nìkan lọmọ náà gbọ́. Ní báyìí, kò sí ògbufọ̀ mọ́. Àna àbúrò mi, bàbá ọmọ náà, sì ti là á mọ́lẹ̀: bó bá wu ọmọ, òun á mú un wá nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n òun ò ní fi dandan gbé e wá bá ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí àbúrò mi gbádùn. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa di àjèjì sí ọmọ ọmọ òun.

Ọmọge kan tó ń kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ ni tíṣà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó wá dán aṣọ wò, ó ṣàlàyé fún un níṣojú mi.

"Mà, bí ohùn bá tẹ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, fáwẹ̀lì ibẹ̀ á là sí méjì. 'Mo lè ṣe é' á di *puedo*. Tó bá jẹ́ àwa, ohùn á sún síwájú, fáwẹ̀lì á sì wà bó ṣe wà: *podemos*."

"Ó yé mi," ni àbúrò mi wí. "Bíi ṣòkòtò tó fún ni. Ibi tó bá ti há jù ló ń ya."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì síbi tí ohùn bá wúwo nìyẹn. *Duermo*, ìyẹn 'mo ń sùn', yóò tẹ̀ ẹ́. *Dormimos*, 'à ń sùn', yóò tún tẹ̀ ẹ́. Kí n tó mọ̀, ó ti rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ àpò.

"Ṣé aṣọ olówó lo fẹ́ fi kọ́ èdè ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kó wọ̀ mí lára kó tó di Sọ́ńdè."

Ní Sọ́ńdè, àna rẹ̀ pè, ó sì gbé fóònù fún ọmọ náà. Àbúrò mi jókòó dáadáa, ó dákẹ́, ó ń retí kí ọmọ kí òun. Èmi náà ń retí. Àgbà wo ni yóò kọ́kọ́ kí ọmọdé? À ń gbọ́ èémí ọmọ náà, àfi bí fóònù ṣe já. Àtẹ̀jíṣẹ́ àna dé lẹ́yìn náà: ọmọ ní kò sẹ́nì kankan lórí fóònù.

"Mo wà níbẹ̀!" Àbúrò mi bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí mo wà níbẹ̀?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi. "Tún un pè. Kí ìwọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ó pè é. Ó fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì tí kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀, ó ní, "*Te quiero*." Mo fẹ́ràn rẹ nìyẹn.

"*¿Quién es?*" Ọmọ náà ń béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè náà yé àbúrò mi, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Gbogbo ohun tó ti kọ́ pòórá lórí rẹ̀. Ó la ẹnu, Yorùbá ló jáde.

"Èmi ni, ọmọ mi. Ìyá ìyá ẹ ni. Má gbé fóònù sílẹ̀, jọ̀ọ́."

A gbọ́ tí ọmọ náà pe bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ nǹkan fún un ní Sípáníìṣì, àbúrò mi sì gbé orí lé maṣíìnì.

"Kí ló wí?" ni mo béèrè.

"Ó ní ohùn màmá òun ni."

Ọmọ náà ò gbé fóònù sílẹ̀. Àbúrò mi nu ojú, ó sì ń bá Yorùbá rẹ̀ lọ.