Ọ́ìlì Tí Kò Tíì Gbó

Sabon Zongo ní Accra ni wọ́n bí Àmúdà sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá, ni àwọn ará ìlú náà ṣì ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi Kwabena ló ń wà, ọkọ̀ tó máa ń gbé àwọn tó fẹ́ràn ẹja pípa lọ sójú òkun. Òun náà ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Tí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. "Gíà á sọ fún mi." Kì í parọ́. Bó bá ti ti gíà síwájú, etí ló ń dẹ sí i. Tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ́ìlì ṣì dára. Tó bá kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, ó ti gbó nìyẹn.

Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnnì nínú ìsọ̀ onípákó kan ní Alajo. Nítorí ikán, ọ́ìlì tí Àmúdà bá fà jáde lára ọkọ̀, ẹsẹ̀ ìsọ̀ náà ló fi ń kùn. Ọ́ìlì ọ̀hún a sì máa dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù nílé. Jálá kan kò tíì tán tí òmíràn fi ń dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sẹ̀kínátù ti ìka bọ ọ̀kan, ó gbé e sójú oòrùn. Ó mọ́ gaara bí oyin. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kò rùn bí ohun tó jóná. Kí ló dé? Ìgbà náà ló rántí pé ọkọ òun kì í dáhùn mọ́ bí òun bá pè é láti ẹ̀yìnkùlé, àti pé rédíò rẹ̀ ń pariwo débi pé Zuweira aládùúgbò wọn a máa lu ògiri.

Nígbà tí Àmúdà jẹun tán, Sẹ̀kínátù lọ jókòó tì í.

"Bàbá Faruk, ọ́ìlì yìí kò tíì gbó."

"Ó ti gbó."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé gíà ló sọ fún yín?"

Àmúdà sún mọ́ ọn. "Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, Sẹ̀kínátù. Ariwo bí ìgbì òkun ló kún etí mi. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé kiri. Bí gíà bá kọ̀ lójú agbami ńkọ́? Ni mo bá kúkú ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́."

Àánú ṣe obìnrin náà, ẹ̀rín sì tún ń pa á. "Ṣé etí nìkan ni Ọlọ́run dá mọ́ yín ni? Ojú ńkọ́? Imú ńkọ́?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì jọ lọ bá Kwabena létí òkun, Àmúdà sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Wofa, ẹ̀yin ni mo fọkàn tán," ni Kwabena wí, ó ń pè é bí àwọn Akan ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. "Ẹ máa fa irin gééjì tó wà nínú ọ́ìlì gíà yọ kí ẹ tó gbéra. Tó bá mọ́, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá dúdú, tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá funfun bí omi ògì, omi òkun ti wọ̀ ọ́, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbí."

Àmúdà fa gééjì yọ. Ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó na án sí ìyàwó rẹ̀. Ọ́ìlì náà mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Àmúdà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yọ ìdọ̀tí kúrò nínú etí ọ̀tún rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí tòsì. Títí di òní, bó bá di Sátidé, Sẹ̀kínátù a ti ìsọ̀ lọ́sàn-án, a lọ bá ọkọ rẹ̀ létí òkun. Ó ní ọ́ìlì lòun ń lọ wò. Kwabena a rẹ́rìn-ín, a sì gbé àga kejì jáde fún un.