Ìyá Wa Nínú Yàrá Ayálégbé

Ẹni tó bá ti gun alùpùpù láti Bantè dé Savalou, tí ẹrù ìkòkò wà lẹ́yìn rẹ̀, mọ̀ pé ìdí ènìyàn lè sọ̀rọ̀. Tèmi ti bú mi tán kí a tó dé. Abọ́ àti ìkòkò ni mò ń tà, ariwo wọn a sì máa ṣáájú mi wọ̀lú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọjà gan-an ló gbé mi wá. Ìyá wa la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ní Bantè. Mo ti kí àlejò títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ti se oúnjẹ fún àwọn tó wá bá wa sunkún, àwọn tó sì jẹun jù nínú wọn ni kò sunkún rárá. Ó rẹ̀ mí débi pé bí ikú bá wá mú èmi náà, ǹ bá ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò lè wá síbi ìsìnkú náà. Ilé opó ló wà ní Savalou. Ọkọ rẹ̀ ló ṣáájú ìyá wa lọ, àwọn ààfáà sì ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ jókòó ti ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí, àfi tí ọjọ́ opó bá pé. Ìyá wa náà kò lágbára àtirìn lọ kí i. Ohun tó ṣe ni pé ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n gbé fóònù mi sókè kí n máa ya fídíò, ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ó ní kí n gbé e lọ fún un. N kò tíì di ẹrù tán tí ikú fi dé. Bí ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ṣe kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn, tí ẹni tó sọ ọ́ wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sì lè wo fóònù. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Bí o bá gbé fóònù síwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń mì ló máa rí. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ńlá wà ní pálọ̀ rẹ̀, tó bá sún mọ́ ọn, ó ń dá ènìyàn mọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Kútọnu ti ra àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju ọṣẹ lọ, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n ní ohun tó bá wà nínú fóònù, wifí ilé á gbé e fún àpótí, àpótí á sì gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n, láìsí okùn kankan láàárín wọn. Èmi tí mo mọ̀ pé ìdérí kì í fò lọ bá ìkòkò fúnra rẹ̀, mo ní ó dáa, a ó rí i.

Ọmọ náà ń darí mi láti Kútọnu lórí fóònù ìyá rẹ̀: tẹ ibí, tẹ ọ̀hún. Orúkọ méjì jáde lójú fóònù tèmi, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n jọra bí ìbejì. Ìwé tí mo kà kò tó èyí tí wọ́n fi ń ya ìbejì sọ́tọ̀. N kò béèrè. Nílé tiwa, ẹni tó wà lókè ni àgbà, àgbà la sì ń kọ́kọ́ kí. Mo tẹ ti òkè.

Tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi dúdú bí ìdí ìkòkò. A ṣì ń wò ó nígbà tí ohùn ìyá wa jáde láti inú ògiri.

Ayálégbé kan ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù létí títì. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ló jọ ń lo wifí kan náà, ọmọ Kútọnu yìí kan náà ló sì bá àwọn méjèèjì ra àpótí lọ́jọ́ kan náà. Ayálégbé náà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ìyá wa lọ jókòó sáàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó fọwọ́ tọ ògiri dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò ré ìloro kọjá.

Ó ní, "Ìyá wà lọ́hùn-ún, èmi kò sì lè wọlé tọ̀ ọ́."

Mo sáré lọ. Àwọn ọkùnrin náà jókòó, ẹ̀pà wà lọ́wọ́ wọn, ìyá wa sì ń wò wọ́n láti inú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọ̀kan nínú wọn ń bi í pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Mo sọ fún wọn pé ìyá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin nìyẹn, opó tó wà lẹ́yìn ògiri lọmọ tó ń bá sọ̀rọ̀. Ayálégbé tẹ rìmóòtù, ìyá wa dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo lè tẹ ti ìsàlẹ̀, ọmọ Kútọnu ti ń pariwo bẹ́ẹ̀ létí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá fọwọ́ kan ohunkóhun, ó lè lọ, kó má padà mọ́.

Orí tábìlì onítáyà ni tẹlifíṣọ̀n ayálégbé wà, torí ó máa ń tì í síta fún àwọn oníbọ́ọ̀lù, okùn iná rẹ̀ sì gùn. Ó ní, "Mama, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ bá ọmọ wọn." Wọ́n tì í gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé iwájú ìloro ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kọjú sí ògiri, tí wọ́n kọ̀yìn sí opó náà, bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń jẹ níyà. Ọ̀kan ṣì di ẹ̀pà rẹ̀ mú.

Ayálégbé tẹ rìmóòtù láìwẹ̀yìn.

Ìyá wa ní, "Má bínú pé n kò wá. Ẹsẹ̀ ni. Ọkọ rẹ jẹun dáadáa lọ́wọ́ rẹ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá jáde ní opó, wá sí Bantè kí n rí ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìloro, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Ó ní, "Mo gbọ́, ìyá. Mà á wá."

Kò sẹ́ni tó yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí bóyá koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ibojì ìyá wa. Mo ní kò tíì hù. Ó ní bó bá hù, kí n má jẹ́ kí wọ́n tu ú, òun fúnra òun ni yóò tu ú tí òun bá dé.

Ó sún díẹ̀ fún mi lẹ́nu ìloro. Mo jókòó.